Bí o bá ti mu igbó rí, tí iṣẹ́ tí o ń wá ní Amẹ́ríkà sì gba clearance

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Maryland níbí ni FSO, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ètò ààbò ní ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá gba èèyàn sí iṣẹ́ tí àṣírí ìjọba wà nínú rẹ̀, ó gbọdọ̀ ní clearance, ìyẹn àṣẹ tí ìjọba fi ń gba èèyàn láyè láti rí àṣírí rẹ̀. Èmi ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní SF-86, èmi ni mo máa ń wò ó bóyá àlàfo kan ṣẹ́ kù tí kò kọ nǹkan sí. Èmi náà ni wọ́n máa ń pè lálẹ́ nígbà tí wọ́n bá dé orí ìbéèrè nípa oògùn olóró.

Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní agbègbè wa, láti Bowie dé Hyattsville títí dé Laurel. Àwọn ọmọ wa ń kàwé nípa kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn mìíràn ń wọṣẹ́ ológun, ibùdó ológun Fort Meade àti Pentagon, olú iléeṣẹ́ ológun, kò sì jìnnà sí wa. Láìsí clearance, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ń sanwó gidi níbí ni ọmọ kò lè fọwọ́ kàn. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ní èdè wa ni ìmọ̀ràn kan tí àwọn àgbà ń fún àwọn ọmọ nínú ilé ìdáná àti lẹ́yìn ìsìn: "Má kọ ọ́ síbẹ̀. Ta ló rí ẹ? Bo ara ẹ láṣìírí." Mo ti rí ibi tí ìmọ̀ràn yẹn gbé ọmọ lọ, ó sì ń dùn mí, nítorí ìfẹ́ ni àwọn tó ń sọ ọ́ fi ń sọ ọ́.

Nílé, ọmọ ìta ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ń mu igbó, ojú á sì máa ti ìyá rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Nítorí náà ó yé mi pé òbí á fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú sínú ilé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń yẹ fáìlì yìí wò kò retí ẹni tí kò ṣe àṣìṣe kankan rí láyé. Wọ́n ń wá ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣeé gbára lé, tí ẹlòmíràn kò lè fi àṣírí kan dẹ́rù bà kó tú ti ìjọba síta. Igbó tí o mu ní yunifásítì, ọ̀nà wà láti gbà á kọjá. Irọ́ tí o pa lé e lórí ló ń ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí òfin sọ ní ti gidi

SEAD 4 ni orúkọ ìwé tí wọ́n fi ń ṣèdájọ́. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2017 ni àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ń lò ó. Ìlànà 13 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà A dé M sàmì sí wọn. H ni ti oògùn olóró àti ìlòkulò oògùn, E ni ti ìwà ẹni, pàápàá òtítọ́ sísọ. Ka H láti òkè délẹ̀, o kò ní rí ibi tí wọ́n ti sọ pé ẹni tó bá ti fọwọ́ kan igbó rí kò gbọdọ̀ gba clearance láéláé. Wọ́n to ohun tó lè ṣèdíwọ́ sílẹ̀, wọ́n sì to ohun tó lè tú èèyàn sílẹ̀: pé ó ti pẹ́, tàbí kò ṣẹlẹ̀ léraléra, tàbí ipò tó mú un wáyé kò sí mọ́, pé o jẹ́wọ́, o jáwọ́, o sì ti yà kúrò láàárín àwọn tí ẹ jọ ń lò ó, pé oògùn ìrora tí dókítà kọ fún ọ nígbà àìsàn líle ni o lò kọjá bó ṣe yẹ, àìsàn náà sì ti lọ, pé o gba ìtọ́jú, o sì parí rẹ̀.

Ibì kan wà tí kò sí àrọ̀yé. Òfin kan tí Congress ṣe ní 2008, tí wọ́n ń pè ní Bond Amendment, ní kí wọ́n má fún ẹni tó ṣì ń lo oògùn tí òfin kà léèwọ̀, tàbí tó ti di bárakú fún, ní clearance rárá. Ẹni tó ti jáwọ́ kò sí lára àwọn tí òfin yẹn ń bá wí. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ọmọ fi máa ń jẹ́ "Ìgbà wo ni o lò ó gbẹ̀yìn?" kí n tó béèrè iye ìgbà.

Ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń kọsẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ òfin ìpínlẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2023, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 lè wọ ìtajà ní Maryland kó ra igbó, wọ́n á já rìsíìtì fún un bí ẹni ra búrẹ́dì. Ọmọ á wá gbà pé kò sí ohun àìtọ́ níbẹ̀, á sì dáhùn "rárá." Fọ́ọ̀mù náà ti kọ ọ́ kedere pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni òun ń béèrè lé lórí, bí ìpínlẹ̀ rẹ tilẹ̀ gbà á láyè. Lójú ìjọba àpapọ̀, igbó wà lára àwọn oògùn tí òfin ọdún 1970 dè. Súìtì tí wọ́n fi igbó ṣe wà níbẹ̀. Èyí tí o fà nígbà tí o lọ ṣeré ní Kánádà tàbí Amsterdam, kọ ọ́. Bí dókítà ìpínlẹ̀ bá fún ọ ní káàdì igbó nítorí àìróorunsùn, kọ ọ́, kí o sì ṣàlàyé.

Ní oṣù kejìlá 2021, Avril Haines, tó jẹ́ olórí gbogbo iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ ìwé ìtọ́sọ́nà sí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ igbó. Ó ní igbó tí èèyàn ti mu sẹ́yìn já mọ́ ìdájọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n máa fi lé èèyàn dànù. Ó ní kí wọ́n gba àwọn tó ń wáṣẹ́ nímọ̀ràn pé láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kí wọ́n má tún fẹnu kàn án. Ìwé yẹn kan náà sọ̀rọ̀ lórí CBD, òróró àti ìpara tí àwọn màmá wa ń rà fún orúnkún: ó lè ní ohun tó wà nínú igbó ju bí wọ́n ṣe kọ sára ìgò lọ, kó sì hàn nínú ìtọ̀ nígbà àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi owó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ń gbin igbó tàbí tó ń tà á, wọ́n lè bi í pé irú ọgbọ́n wo ló lò. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa fẹ́ràn láti máa ra ìpín lórí fóònù. Ẹ wo ohun tí ẹ ń rà.

Kí fọ́ọ̀mù tó dé

O kò lè lọ gba clearance fúnra rẹ. Ilé-iṣẹ́ tó gbà ọ́ tàbí iléeṣẹ́ ìjọba ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìjọba ló ń sanwó àyẹ̀wò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o mú dọ́là wá kí òun bá ọ ṣe é, olè ni.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí o jáwọ́ lónìí. Má dúró de ọjọ́ ìfọwọ́sí. SEAD 4 kò dárúkọ iye oṣù tó gbọdọ̀ kọjá, nítorí náà má gba ẹni tó bá sọ fún ọ pé ọdún kan ni òfin sọ gbọ́ fún gbogbo iṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ kan ní ìlànà ìgbanisíṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀: ní 2021, FBI dín iye àkókò tí olùwáṣẹ́ gbọdọ̀ ti fi jáwọ́ nínú igbó kù láti ọdún 3 sí ọdún kan, àmọ́ ọdún 10 ni tiwọn fún kokéènì àti àwọn bíi rẹ̀. Ka ojú ewé iléeṣẹ́ tí o ń lọ kí o tó kọ̀wé sí wọn. Ní tèmi, ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé gíga, tó ṣì wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ọdún kejì yẹn gan-an ló yẹ kó ti dúró. Bí àkókò àìlò rẹ bá ṣe gùn tó ni ọ̀rọ̀ rẹ á ṣe rọrùn tó.

Lẹ́yìn náà, mú ìwé kan, kí o jókòó níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, kí o kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Irú oògùn wo, oṣù wo àti ọdún wo ni o kọ́kọ́ lò ó, oṣù wo ni ti ìkẹyìn, ẹ̀ẹ̀melòó, níbo, pẹ̀lú àwọn wo, owó ta ni. Fọ́tò inú fóònù máa ń ràn èèyàn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kàlẹ́ńdà ilé ìwé. Ìwé yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe jọ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ti rí tí wọ́n fẹ̀sùn irọ́ kàn, wọn kò ní in lọ́kàn láti parọ́. Wọ́n kọ nọ́ńbà kan pẹ̀lú ìkánjú lórí fọ́ọ̀mù, nígbà tí olùwádìí jókòó tì wọ́n ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, nọ́ńbà mìíràn ló jáde lẹ́nu wọn, pẹ̀lú oṣù mìíràn.

Abala 23

Fọ́ọ̀mù náà ni SF-86, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ ọ́ báyìí, lórí ètò tí wọ́n ń pè ní eApp. Ó gùn, ó ń béèrè ibi tí o gbé, iṣẹ́ tí o ṣe, àwọn ìbátan rẹ nílé Nàìjíríà, gbèsè rẹ. Abala 23 ni ti oògùn olóró.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń béèrè ohun tí o lò láàárín ọdún 7 sẹ́yìn. Ọmọ ọdún 22 ní láti ronú padà dé ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún 15, torí abala yìí kò yọ ìgbà èwe sílẹ̀. Ìtọ́wò lásán wà nínú rẹ̀. Ohun tí o lò ní ọdún 9 sẹ́yìn tí o kò sì tún fọwọ́ kàn mọ́, ìbéèrè yìí kò bi ọ́. Ohun tí wọ́n bá bi ọ́ ni kí o dáhùn. Àmọ́ bí aṣèwádìí bá fẹnu ara rẹ̀ bi ọ́ nípa ìgbà tó ṣáájú ìyẹn, má parọ́ fún un.

Ìbéèrè kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré kọjá: rírà, títà, gbígbìn, gbígbà, fífi ránṣẹ́, fífi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Tí o bá ti dá owó pọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, o ti rà. Tí o bá bá ọ̀rẹ́ tọ́jú tirẹ̀ sínú àpò rẹ, kọ ọ́. Títà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù. Ẹni tó bá tà á rí, kó rí lọ́yà kó tó fọwọ́ kan bébà.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí ọdún 7 kò dí wọn. Ṣé o ti lo oògùn olóró rí nígbà tí o ní clearance lọ́wọ́? Ṣé o lò ó nígbà tí o jẹ́ ọlọ́pàá tàbí tí o wà nípò tí ààbò ará ìlú wà lọ́wọ́ rẹ? Ṣé wọ́n ti ní kí o lọ gba ìtọ́jú rí nítorí oògùn? Láéláé ni wọ́n ń béèrè àwọn yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni Abala 22, tó jẹ́ ti ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́: bí wọ́n bá ti fẹ̀sùn oògùn tàbí ọtí kàn ọ́ rí, iye ọdún kò já mọ́ nǹkan. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí ilé ẹjọ́ bá ti pa àkọsílẹ̀ rẹ́, ó tán. Àyàfi irú ẹjọ́ oògùn àkọ́kọ́ kan tí òfin ìjọba àpapọ̀ dárúkọ ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹjọ́ ìpínlẹ̀ tí wọ́n pa rẹ́, kọ ọ́ síbẹ̀.

Oògùn dókítà náà wà níbẹ̀. Adderall, oògùn tí dókítà ń kọ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í pa pọ̀, tí o gbà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan náà lálẹ́ ìdánwò, tí wọn kò kọ ọ́ fún ọ, ìlòkulò oògùn ni. Àwọn ọmọ tí kò mu igbó rí láyé máa ń ṣubú síbí yìí.

Fún gbogbo ohun tí o bá kọ, wọ́n á bi ọ́ bóyá o ní èrò láti tún lò ó. Má kọ "mi ò tíì mọ̀," má kọ "bóyá, bí ìjọba bá gbà á láyè." Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé o ti parí, kọ "rárá," kí o sì sọ ìdí. Bí kò bá jẹ́ òtítọ́, wá iṣẹ́ mìíràn, iṣẹ́ pọ̀ tí kò gba clearance, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi kọ àlàyé náà, àmọ́ bí ó ṣe yẹ kó rí rèé:

"Láti oṣù kẹsàn-án 2020 dé oṣù karùn-ún 2022, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo mu igbó ní nǹkan bí ìgbà 25. Ìṣirò mi ni nọ́ńbà yìí, mi ò ní àkọsílẹ̀. Níbi àríyá òpin ọ̀sẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo dá owó sí i ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mi ò tà á rí. Mo jáwọ́ nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi, mi ò sì lò ó mọ́ láti ìgbà náà. Èmi àti àwọn tí a jọ ń mu ún kò rìn pọ̀ mọ́. Mi ò ní lò ó mọ́, ì báà jẹ́ pé òfin ìpínlẹ̀ gbà á."

Ó tó. Má fi ẹkún sí i, má dá ọ̀rẹ́ lẹ́bi, má kọ Bíbélì tàbí Kùránì sínú rẹ̀. Ṣíṣe ìṣirò kò burú tí o bá ti sọ pé ìṣirò ni, ṣùgbọ́n má ṣe ìṣirò tó máa ń kéré nígbà gbogbo. Bí ọkàn rẹ bá sọ fún ọ pé ó wà láàárín 20 sí 40, 20 sí 40 ni kí o kọ.

Ìwé kan tún wà tí mo máa ń ní kí ọmọ tọ́jú sílẹ̀, SEAD 4 fúnra rẹ̀ ló dárúkọ rẹ̀: ìwé ìlérí tí o fọwọ́ sí pé o kò ní bá oògùn olóró ṣe nǹkan kan mọ́, àti pé o gbà pé bí o bá tún ṣe é, kí wọ́n gba clearance náà lọ́wọ́ rẹ. Gbólóhùn kejì yẹn kò gbọdọ̀ sọnù nínú rẹ̀.

Fún ẹ̀yin òbí tó ń bẹ̀rù pé ọlọ́pàá á wá kó ọmọ yín: ojú ewé Abala 23 ti kọ ọ́ pé òtítọ́ tí èèyàn bá sọ níbẹ̀, wọn kò ní lò ó bí ẹ̀rí ta ko ó nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Irọ́ ló ní ẹ̀wọ̀n nínú, ó lè tó ọdún 5. Kò sì sí ẹni tó máa fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí pásítọ̀ yín. Èmi tí mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, òfin kò gba ilé-iṣẹ́ mi láyè láti fi ohun tó wà níbẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn.

Ohun tí a lò nílé

Fọ́ọ̀mù náà kò béèrè Amẹ́ríkà nìkan. Àwọn ọmọ wa ń lọ sí Èkó ní oṣù kejìlá, ohun tí wọ́n bá lò níbẹ̀, wọ́n lò ó náà ni. "Colorado" tí wọ́n ń fà nílé, oògùn olóró ni. Skuchies, zobo tí wọ́n po igbó àti oògùn ikọ́ mọ́, oògùn olóró wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ife ni wọ́n bu ú sí fún ọ. Mọ́ńkítélì, ògógóró tí wọ́n rẹ igbó sí, bẹ́ẹ̀ náà. Paraga tó jẹ́ ewé, egbò àti ọtí lásán kò sí lábẹ́ ìbéèrè yìí. Ọtí ní ìlànà tirẹ̀, lẹ́tà G.

Tramadol àti kodéìnì ló máa ń gba àkókò mi jù. Nílé, a mọ bí a ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tí a ń ní "ẹ bá mi wá nǹkan fún ẹ̀yìn ríro." Ní Amẹ́ríkà, tramadol ti wà lára àwọn oògùn tí ìjọba àpapọ̀ dè láti 2014. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ tó ní kodéìnì wọlé ní oṣù karùn-ún 2018. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, kí ni o lò ó fún? Ẹni tó mu ṣíbí oògùn ikọ́ nígbà tó ń wúkọ́, kò lo oògùn ní ìlòkulò. Ẹni tó mu ìgò méjì kí ojú rẹ̀ lè dá, ó mọ ohun tó ṣe, kó kọ ọ́. Ẹni tó ra tramadol láìsí ìwé dókítà nítorí ìrora gidi, kó ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ gan-an: ibi tó ti rà á, ìrora tó mú un rà á, ìgbà tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Aṣèwádìí tí kò dé Nàìjíríà rí kò mọ bí kẹ́míìsì àdúgbò ṣe rí. Ìwọ ni wàá sọ fún un.

Green card àti ìwé ọmọ Amẹ́ríkà

Níbí yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí òyìnbó tí wọ́n bí síbí kò ní irú ìṣòro yìí, àwọn tó ń gba ọmọ wa nímọ̀ràn níbi iṣẹ́ kì í sì í rántí rẹ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń fún ní clearance ní gbogbo ọ̀nà, ẹni tó ti ilẹ̀ mìíràn wá gba ìwé ọmọ Amẹ́ríkà wà lára wọn, kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì wà lórí green card, bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pé òun mu igbó, ọ̀rọ̀ náà lè dí i lọ́wọ́ láti di ọmọ onílẹ̀, ó tilẹ̀ lè dí i lọ́wọ́ láti padà wọlé bó bá rìnrìn àjò. Ní oṣù kẹrin 2019, USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìwé ìgbélùú, kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé igbó tí ìpínlẹ̀ gbà láyè pàápàá lè ba ẹ̀rí ìwà rere jẹ́ fún ẹni tó ń wá ìwé ọmọ Amẹ́ríkà. Ìlérí inú Abala 23 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹjọ́ ọ̀daràn ló dárúkọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn.

Fún ìdí èyí, ọmọ orí green card tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun, tó sì ti mu igbó, kó lọ bá lọ́yà ìwé ìgbélùú kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó tó kọ ohunkóhun, kó má sì parọ́ fún ẹni tó ń gba àwọn ọmọ ogun síṣẹ́ nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹlòmíràn tún wà: ẹni tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, tó mu igbó kó tó búra, tó sì dáhùn "rárá" nígbà tí N-400, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ Amẹ́ríkà, bi í bóyá ó ti ṣẹ̀ sófin rí láìjẹ́ pé wọ́n mú un. Bó bá wá kọ òtítọ́ sórí SF-86, ìwé méjèèjì á máa ta kora. Èmi kò ní sọ fún un pé kó parọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kó lọ bá lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ clearance àti ti ìwé ìgbélùú, kí wọ́n jọ wo àwọn ìwé méjèèjì pọ̀ kí ó tó fọwọ́ sí èyí tuntun. Owó lọ́yà yẹn tọ́ sí i ju owó aṣọ ẹbí lọ.

Nígbà tí olùwádìí bá dé, àti bí ìdáhùn bá burú

Aṣèwádìí á fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ hàn ọ́, ẹ ó jókòó, á ka ohun tí o kọ, á sì máa béèrè. Á lọ bá aládùúgbò rẹ, ọ̀gá rẹ, ẹni tí ẹ jọ gbé yàrá. O lè má mọ ohun tí ẹni yẹn máa sọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ ti rọ̀ pé kó kọ "ẹ̀ẹ̀kan péré." Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ti fi ránṣẹ́, kò rí oorun sùn. Ìyá náà pè mí: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo ọmọ yìí láṣìírí." Mo ní, "Ẹ má bínú mà, mi ò lè bá yín bo èyí. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe kí wọ́n tó bi í." Ìlànà E sọ pé bí èèyàn bá yára ṣàtúnṣe ohun tó fi pa mọ́ kí wọ́n tó ká a mọ́ ọn, wọ́n lè gbà á wò fún un. Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí aṣèwádìí tó ṣí ojú ewé kejì, ọmọ náà sọ fún un pé nọ́ńbà tí òun kọ kì í ṣe òtítọ́, ó sọ iye tó jẹ́ gan-an, ó sì sọ ìdí tí òun fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí èsì tó dé, ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀, àmọ́ wọ́n fún un. Bó bá ti dúró kí ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá sọ ọ́ ni, mi ò rò pé wọn ì bá gbà á.

Bí wọn kò bá tẹ́wọ́ gba ọ̀rọ̀ rẹ, wọ́n á kọ ìwé tó ń jẹ́ SOR sí ọ, wọ́n á to ìdí wọn sínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ológun ní ọjọ́ 20 láti dáhùn. Má jẹ́ kí ìwé náà wà lórí tábìlì. Dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, "mo gbà" tàbí "mi ò gbà," pẹ̀lú àlàyé, kí o sì béèrè fún ìgbẹ́jọ́ níwájú adájọ́ ní DOHA, iléeṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ clearance, bí o bá fẹ́ kí ẹnì kan rí ojú rẹ. Kó ẹ̀rí dání: èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ tí o ti ń ṣe fúnra rẹ, ìwé ìlérí yẹn, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà, ìwé ẹni tó tọ́jú rẹ bí o bá gba ìtọ́jú. Lẹ́tà pásítọ̀ tó ní ọmọ rere ni ọ́ láìmọ̀ pé o mu igbó rí kò wúlò fún nǹkan kan. DOHA máa ń gbé ìdájọ́ rẹ̀ síta láìdárúkọ ẹni, ẹnikẹ́ni lè kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jókòó ka mélòó kan nínú èyí tó jọ tìrẹ, wàá rí ìbéèrè tí àwọn adájọ́ máa ń béèrè léraléra.

Bí wọ́n bá fún ọ, ó kan bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ àwọn tó ní clearance nígbà gbogbo báyìí, wọn kì í dúró de ọdún márùn-ún mọ́. Igbó tí o mu kí o tó gbà á àti igbó tí o mu lẹ́yìn tí o gbà á, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pátápátá ni wọ́n lójú wọn. Èkejì yìí ni fọ́ọ̀mù á máa bi ọ́ títí ọjọ́ ayé. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ tàbí ẹni tí ẹ jọ ń gbé bá ń fà á nínú ilé, wá ilé mìíràn, tàbí kí òun wá.

Kí o tó fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́, tẹ ẹ̀dà rẹ̀ jáde, kí o fi í sínú fáìlì tí pásípọ́ọ̀tù rẹ wà. Nígbà tí wọ́n bá tún bi ọ́ lọ́dún mélòó kan sí i, èyí tí o kọ lónìí ni wọ́n máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.